Ẹni tí Kò Bá Ọlọ́hun Kánjú: Ìgbésí Ayé Mohammed Shitta Bey

  

Ẹni tó bá ti dé ọjà Òjé ní ọjọ́ tí wọ́n ń ná aṣọ òkè yóò ti rí i pé tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni aṣọ náà ń jáde lórí òfì. Bí a bá mú ẹyọ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ dání, a kò lè mọ̀ bóyá agbádá ni yóò dà ni tàbí ìró. Ìgbà tí wọ́n bá rán an mọ́ra wọn ni ojú tó ń wò ó tó rí ohun tí ẹni tó hun ún ní lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọjọ́ ayé ọmọ ènìyàn rí. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni à ń rí. Ọlọ́hun nìkan ló rí gbogbo rẹ̀ lápapọ̀.

A sọ èyí nítorí ohun tí a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa nígbà tí ìpàdé bá tú. Ọ̀kan ti ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì lẹ́ẹ̀mẹta, kò rí àyè wọlé. Òmíràn ti kàwé jáde, ó ti ń wá iṣẹ́ láti ọdún yìí wá, bàtà rẹ̀ ti jẹ tán lẹ́sẹ̀. Arábìnrin kan ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń fìyà jẹ ẹ́. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi wá: àwọn ń kírun, àwọn ń gbààwẹ̀, àwọn ń ṣe àdúà, kí ló wá dé tí ọ̀nà kò là? Dípò kí a fi wà'así gígùn dá wọn lóhùn, a ní kí a sọ ìtàn bàbá kan tí gbogbo Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ kò mọ ọ̀nà tó tọ̀ kó tó di ẹni tí à ń dárúkọ. Bàbá náà ni Mohammed Shitta, tí wọ́n tún ń pè ní Olówó Pupa, ẹni tó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta sí ìlú Èkó.

ỌMỌ TÍ WỌ́N BÍ SÍ ÀJÒ

Ọdún 1824 ni wọ́n bí Mohammed Shitta, kì í sì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n bí i sí. Abúlé kan tó ń jẹ́ Waterloo ni, ní ilẹ̀ Sierra Leone, tí àwọn bàbá wa ń pè ní Sàró. Salu ni orúkọ bàbá rẹ̀, Aishat sì ni ìyá rẹ̀. Báwo ni Yorùbá ṣe dé ibẹ̀? Ogun ló gbé wọn dé ibẹ̀. Ní ìgbà yẹn, ilẹ̀ Yorùbá kò rójú. Ọ̀yọ́ Ilé ń dà rú, ìlú ń gbógun ti ìlú, wọ́n ń kó ènìyàn lẹ́rú lọ tà fún àwọn aláwọ̀ funfun létí òkun. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de òwò ẹrú láti ọdún 1807, ọkọ̀ ogun wọn sì ń lé àwọn ọkọ̀ tó ń kó ẹrú lórí òkun. Èyí tí wọ́n bá mú, wọ́n á kó àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lọ sí Freetown, wọ́n á sì dá wọn sílẹ̀ níbẹ̀. Inú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni ìdílé Shitta ti wá.

Àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Aku, nítorí pé ní gbogbo ìgbà ni ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ ń bẹ lẹ́nu wọn. Ẹ fojú inú wò wọ́n. Wọ́n ti pàdánù ilé, wọ́n ti pàdánù ọ̀nà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ ibi tí ọmọ ìyá wọn wọlẹ̀ sí. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà lọ́wọ́ àwọn tó jẹ́ Mùsùlùmí nínú wọn kò ju ẹ̀sìn wọn lọ. Ìyẹn gan-an kò sì rọrùn láti dì mú. Ní Sàró nígbà náà, ọwọ́ àwọn míṣánnárì ni ilé ìwé wà. Ìjọba fẹ́ kí àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ gba ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́ẹ́nì, kí wọ́n sì máa jẹ́ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá gbà, ọ̀nà iṣẹ́ ìjọba àti ti ìwé là fún un. Ẹni tó bá ní òun yóò máa kírun, yóò fi ara rẹ̀ sí ẹ̀yìn.

Salu wà lára àwọn tó yàn láti máa kírun. Ní ọdún 1831, nígbà tí Mohammed jẹ́ ọmọ ọdún 7, ìdílé náà kó kúrò ní Waterloo lọ sí Fourah Bay, ní ìhà ìlà-oòrùn Freetown, níbi tí àwọn Aku Mùsùlùmí ti ń kóra jọ. Ibẹ̀ ni Salu ti di Lèmọ́mù wọn. Abẹ́ ẹsẹ̀ bàbá tó jẹ́ Lèmọ́mù, láàárín àwọn ènìyàn tí a ti fi ṣe ẹrú rí, ni Mohammed dàgbà sí.

MỌ́ṢÁLÁṢÍ TÍ WỌ́N WÓ

Ní ọdún 1839 ni ìdánwò ńlá dé. Gómìnà tó wà ní Sàró nígbà náà, Richard Doherty, kò fẹ́ràn àwọn Aku Mùsùlùmí yìí, ó sì fẹ́ kí wọ́n kó kúrò ní Fourah Bay. Láàárín rúkèrúdò náà, wọ́n wó mọ́ṣáláṣí wọn lulẹ̀. Ilé ìrun tí àwọn tálákà tó ti inú ìdè ẹrú jáde fi òógùn ojú wọn kọ́, wọ́n wó o.

Mohammed ti pé ọmọ ọdún 15 nígbà náà. Ọmọ ọdún 15 kì í ṣe ọmọdé tí kò mọ ohun tó ń lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ọjọ́ orí yẹn tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ẹ̀ bá ṣe. Bàbá yín ni Lèmọ́mù. Wọ́n wó ibi tó ti ń ṣíwájú ìrun. Àwọn tó gba ẹ̀sìn ìjọba ń rọ́wọ́ mú lójú yín. Èṣù kò níí jìnnà sí ọmọ bẹ́ẹ̀, yóò máa sọ ọ́ sí i létí pé kí ni èrè ìsìn yìí?

Àwọn Mùsùlùmí Fourah Bay kò gbé idà, wọn kò sì fi ẹ̀sìn wọn sílẹ̀. Wọ́n dúró síbi tí wọ́n wà, wọ́n ń kírun wọn, wọ́n sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ. Nígbà tó dé etí ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù, wọn kò fara mọ́ lílé wọn. Wọ́n sì wà níbẹ̀ títí di òní. Adúgbò Mùsùlùmí ni Fourah Bay ṣì jẹ́ ní Freetown.

Kí àwa ará Ìbàdàn má rò pé ìlú òkèèrè nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Mọ́ṣáláṣí tí àwọn Mùsùlùmí àkọ́kọ́ kọ́ sí Ọjà'ba, wọ́n wó o ní ayé Baṣọ̀run Olúyọ̀lé. Àwọn bàbá wa kò tìtorí èyí kúrò nínú ìsìn. Wọ́n ń kírun ní agboolé wọn títí di ìgbà tí Ọ̀pẹ́agbe, tó jẹ́ Mùsùlùmí, gorí oyè, tí wọ́n sì tún fi àyè sílẹ̀ fún mọ́ṣáláṣí. Lónìí, láti Ọjà'ba títí dé Bẹẹrẹ, Òjé àti Béyérúnká, ta ló lè ka iye ibi tí a ti ń gbọ́ ìpè ìrun ní ìdájí? Àwọn tó rí i nígbà tí wọ́n wó ti àkọ́kọ́ kò lè lálàá rẹ̀.

ÀGBÁDÁRÌGÌ

Ní ọdún 1844, Mohammed ti di ọmọ ogún ọdún. Láti bí ọdún mélòó kan ṣáájú ni àwọn Yorùbá tó wà ní Sàró ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọkọ̀ padà wá sí ilẹ̀ bàbá wọn. Ìdílé Shitta wà lára àwọn tó padà, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Nínú àwọn tó ń padà wọ̀nyí ni àwọn míṣánnárì Kìrìsìtẹ́ẹ́nì àti ọmọ ìjọ wọn wà, àwọn ni ìtàn sì máa ń dárúkọ jù. Ṣùgbọ́n àwọn Mùsùlùmí náà wà níbẹ̀, Salu ló sì di Lèmọ́mù wọn.

Àgbádárìgì tí wọ́n padà sí kì í ṣe ibi ìsinmi. Èbúté tí wọ́n ti ń ta ẹrú ni. Ẹ̀rù iṣẹ́ wo ni kò níí ba ẹni tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí nígbà tó bá rí ẹ̀wọ̀n lọ́rùn ọmọ ẹlòmíràn? Síbẹ̀, wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n ń ṣòwò, wọ́n sì ń sin Ọlọ́hun.

Ní ọdún 1849, Salu jáde láyé ní Àgbádárìgì. A fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí ibi yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn náà. Bàbá yìí ṣe sùúrù. Ó jìyà nítorí ẹ̀sìn rẹ̀. Ó ṣíwájú ìrun ní ìlú méjì, àjò ni méjèèjì fún un. Ṣùgbọ́n kò di olówó, kò rí ọ̀tá tó wá tọrọ àforíjì, kò sì rí mọ́ṣáláṣí ńlá kankan tó fi orúkọ ilé rẹ̀ pè. Bí ẹnì kan bá fi ojú ayé wo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n sin ín, yóò ní sùúrù Salu kò so èso. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń wo ẹyọ aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó rò pé aṣọ ti parí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, sùúrù kì í ṣe owó tí à ń yá Ọlọ́hun pé kó san án padà fún wa pẹ̀lú èlé kí a tó kú. Ẹrú tó bá ń sin Ọba rẹ̀ nítorí ohun tí yóò rí gbà lọ́la òde yìí, ọjọ́ tí ọ̀la náà bá pẹ́ ni yóò ta kò Ọ́. Salu sìn ín nítorí pé Ọlọ́hun tọ́ sí ìsìn. Ẹ̀san rẹ̀ kò sọnù. Díẹ̀ nínú rẹ̀ fara hàn lára ọmọ tó fi sáyé, èyí tó kù wà lọ́dọ̀ Ẹni tí kì í jẹ gbèsè.

ÈKÓ ÀTI ODÒ ỌYA

Mohammed jẹ́ ọmọ ọdún 25 nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ní ìparí ọdún 1851, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá lu Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò, wọ́n sì dá Akíntóyè padà sórí oyè. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí bá Kòsọ́kọ́ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Lẹ́yìn èyí, àwọn Sàró bẹ̀rẹ̀ sí í kó wá sí Èkó, Mohammed sì wà lára wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1850 wọ̀nyẹn. Èkó tó wọ̀ jẹ́ ìlú tí Mùsùlùmí kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára lójú ìjọba. Ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo nǹkan wà.

Kò jókòó máa ráhùn. Ó gbé òwò. Ó ra obì, ó ta awọ ẹran, ó ta aṣọ àti ẹ̀gúsí. Ní nǹkan bí ọdún 1864, nígbà tó ti di ẹni ogójì ọdún, ó na ọwọ́ òwò rẹ̀ dé ojú odò Ọya, ó sì wọ ilẹ̀ Tápà lọ. Ọ̀nà náà jìn, odò kún fún ewu, ibà sì ń pa ènìyàn lọ́nà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí bí Ọlọ́hun ṣe ń la ọ̀nà. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù tó sọ ọ́ di ẹni ẹ̀yìn ní Sàró náà ni ẹ̀sìn àwọn ọba àti ìjòyè ilẹ̀ Tápà. Nígbà tí àwọn oníṣòwò mìíràn dé ibẹ̀ bí àjèjì, òun dé bí ọmọ ìyá nínú ẹ̀sìn. Ohun tí ayé rò pé ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn ni Ọlọ́hun fi ṣe kọ́kọ́rọ́ fún un.

Arákùnrin rẹ̀, Yusuf, bá a ṣe òwò náà. Láti Èkó sí odò Ọya, àti láti Èkó padà sí Freetown, ọjà rẹ̀ ń lọ, ọjà rẹ̀ ń bọ̀. Ó di olówó, àwọn ará Èkó sì fún un ní orúkọ Olówó Pupa. Àwọn Mùsùlùmí fi oyè Sẹ́ríkí Mùsùlùmí dá a lọ́lá, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó jẹ ẹ́ ní Èkó.

Ẹ ṣírò ọdún tó kọjá. Láti 1839 tí wọ́n wó mọ́ṣáláṣí bàbá rẹ̀ títí di 1864 tó gba ojú odò Ọya lọ, ọdún 25 ni. Lónìí, bí ọmọ ogún ọdún bá bẹ̀rẹ̀ òwò ní oṣù Ṣẹẹrẹ, tí kò tíì ra mọ́tò nígbà tí oṣù Ọ̀pẹ bá fi wọlé, ó ti ń wá ẹni tí yóò bá a ṣe ògùn owó, tàbí kó máa fi ẹ̀rọ lu àwọn òyìnbó ní jìbìtì. Ọ̀nà ẹ̀bùrú kúkúrú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó ń já sí.

OWÓ TÓ MỌ Ọ̀NÀ ILÉ

Àpò ènìyàn ni a fi ń mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tí owó dé ọwọ́ Shitta, kò gbàgbé Fourah Bay. Ó fi owó ránṣẹ́ fún mọ́ṣáláṣí ibẹ̀, ní ibi tí wọ́n ti wó ti bàbá rẹ̀. Ní Èkó pẹ̀lú, ó ń ná owó lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó pé ẹni 70 ọdún, ó dáwọ́ lé iṣẹ́ tó ju gbogbo èyí lọ. Ó ní òun yóò kọ́ mọ́ṣáláṣí sí òpópónà Martins ní Erékùṣù Èkó. Kì í ṣe ilé amọ̀ onípáánù lásán. Bíríkì ni, pẹ̀lú ọnà lára ògiri, irú èyí tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé mọ̀ ọ́n kọ́. João Baptista da Costa, tó jẹ́ ọ̀gá mọlémọlé láàárín wọn, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn ni Shitta ná lé e lórí, nínú àpò ara rẹ̀. Ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́hun: ọmọ àwọn tí òwò ẹrú gbé lọ sí Sàró ló gbé iṣẹ́ sílẹ̀, ìran àwọn tí òwò ẹrú gbé lọ sí Brazil ló ṣe é, ilé ìrun ni wọ́n sì jọ kọ́.

ỌJỌ́ 4 OṢÙ KEJE, ỌDÚN 1894

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí náà, Èkó mì. Sir Gilbert Carter, gómìnà Èkó, wà níbẹ̀. Ọba Oyèkàn Kìíní wà níbẹ̀. Edward Blyden, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú tí òkìkí rẹ̀ kàn ká gbogbo àgbáyé, wà níbẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kìrìsìtẹ́ẹ́nì ni. Láti Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Abdullah Quilliam ti wá, agbẹjọ́rò òyìnbó tó gba Ìsìláàmù ní ọdún 1887 tó sì dá ẹgbẹ́ Mùsùlùmí sílẹ̀ ní ìlú rẹ̀. Òun pàápàá mọ ohun tí ń jẹ́ ìdánwò, nítorí àwọn ará Liverpool máa ń sọ òkò lu òun àti àwọn tó ń bá a kírun.

Sultan Abdul Hamid Kejì, ọba ilẹ̀ Tọ́kì, ló rán Quilliam wá. Ó kó àmì ẹ̀yẹ Medjidie dání fún Shitta, ó sì fi oyè Bey dá a lọ́lá. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ ìdílé Shitta títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọjọ́ yìí wé ti 1839. Ní Freetown, gómìnà Gẹ̀ẹ́sì kan fẹ́ lé wọn, wọ́n sì wó mọ́ṣáláṣí wọn. Ní Èkó, lẹ́yìn ọdún 55, gómìnà Gẹ̀ẹ́sì mìíràn wá bá wọn ṣí mọ́ṣáláṣí. Ọmọ tó rí ti àkọ́kọ́ ní ọmọ ọdún 15 ló kọ́ ìkejì ní ẹni 70 ọdún. Ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀ nínú ọdún 55 yẹn pé ibẹ̀ ni ọ̀nà ń lọ, àfi Ọlọ́hun.

Nǹkan mìíràn tún wà tí kò yẹ kí a fò. Sultan kò fi oyè nìkan ránṣẹ́. Ó tún gba àwọn Mùsùlùmí Èkó níyànjú pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ wọn kọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàlódé mọ́ ti kéú. Ìṣòro ńlá ni èyí nígbà náà, nítorí ọwọ́ ìjọ Kìrìsìtẹ́ẹ́nì ni ilé ìwé wà, àwọn òbí Mùsùlùmí sì ń bẹ̀rù pé ọmọ àwọn yóò gba ibẹ̀ yí ẹ̀sìn padà. Ní ọdún 1896, ìjọba dá ilé ìwé kan sílẹ̀ ní Èkó fún ọmọ Mùsùlùmí, Blyden sì wà nídìí rẹ̀. Ní ọdún 1923, wọ́n dá ẹgbẹ́ Ansar-ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó, tó wá kọ́ ilé ìwé káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí, ilé ìwé bẹ́ẹ̀ ni ìyá tàbí bàbá yín lọ.

Shitta Bey kò rí èyí. Ọdún 1895 ló jáde láyé, ọdún kan péré lẹ́yìn tí wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí náà. Bí bàbá rẹ̀ ṣe kú láì rí mọ́ṣáláṣí, bẹ́ẹ̀ ni òun náà kú láì rí ilé ìwé. Oníkálukú ṣe ti ìgbà tirẹ̀, ó sì fi èyí tó kù lé Ọlọ́hun lọ́wọ́. Mọ́ṣáláṣí náà ṣì dúró ní òpópónà Martins. Ní ọdún 2013, wọ́n kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Wọ́n sì ń kírun nínú rẹ̀.

OHUN TÍ A RÍ KỌ́

Èkíní, sùúrù yàtọ̀ sí ọ̀lẹ. Àwọn kan nínú wa á jókòó sílé láti àárọ̀ dé alẹ́, wọ́n á ní àwọn gbára lé Ọlọ́hun. Shitta gbára lé Ọlọ́hun, ó sì wọkọ̀ ojú omi. Ó ṣe àdúà, ó sì gbé obì sórí. Ànábì wa kọ́ wa pé kí á so ràkúnmí wa mọ́lẹ̀ ná, kí á tó gbára lé Ọlọ́hun. Ìwọ tí o ń wá iṣẹ́, kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan mọ́ ìwé tí o kà. Ìwọ tí ìdánwò kò bọ́ sí fún, tún ìwé rẹ kà.

Èkejì, má ṣe ta ẹ̀sìn rẹ nítorí ilẹ̀kùn kan tó tì. Bí Salu bá ti fi ìrun sílẹ̀ ní Sàró kí ọ̀nà lè là fún un, ó ṣeé ṣe kí ọ̀nà kan là lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà odò Ọya, òpópónà Martins àti oyè Bey kò níí sí nínú ìtàn ilé rẹ̀. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́hun ti, Òun ló mọ ìdí rẹ̀. Èyí tí yóò ṣí, Òun náà ló mọ ọjọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, èyí sì ni ó nira jù: ó lè jẹ́ pé ìwọ ni Salu ilé tìrẹ, kì í ṣe Mohammed. Ó lè jẹ́ pé ìwọ ni yóò gbin igi tí ọmọ rẹ yóò jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ ní ìdájí ní Bẹẹrẹ kí ọmọ lè lọ sílé kéú àti ilé ìwé, ó ń hun aṣọ tí ó ṣeé ṣe kó má wọ̀. Kí ó má banújẹ́. Ẹni tó ń gba iṣẹ́ náà sílẹ̀ kì í sùn, kì í sì í gbàgbé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, nígbà tí ẹ bá tún gba Òjé kọjá tí ẹ gbọ́ ìró òfì tó ń kọ gbá-gbà, gbá-gbà, ẹ rántí pé ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀ kì í fa aṣọ náà yọ kó tó gùn tó. Ẹ ṣe ojúṣe òní dáadáa. Ẹ kírun yín lákòókò. Ẹ jẹ oúnjẹ halálì, bó tilẹ̀ kéré. Ẹ fi ọ̀la sílẹ̀ fún Ẹni tó ni ọ̀la.

Kí Ọlọ́hun dárí ji Mohammed Shitta Bey àti bàbá rẹ̀, kí Ó tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Kí Ó fún wa ní sùúrù tí kò níí tán kí ojú ọ̀nà tó là, kí Ó sì jẹ́ kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa rí ohun tí wọn yóò fi ṣàdúà fún wa. Àmín.